Àpò Símẹ́ńtì Kan àti Odi Sùngbọ́

Fọ́tò méjì ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ sí mi láti ilẹ̀ Mẹ́síkò. Amẹ́ríkà ló ń gbé, níbi tó ti ń wa tírélà, ṣùgbọ́n ó gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan, ó sì lọ sí ìlú Cancún létí òkun. Nínú fọ́tò àkọ́kọ́, ó dúró níwájú ilé òkúta gíga kan tí àwọn ará Maya ìgbàanì kọ́ sí Chichén Itzá. Nínú ìkejì, omi ti dé ọrùn rẹ̀ nínú kòtò ńlá kan tí òkúta yí ká, gbòǹgbò igi sì ń rọ̀ wálẹ̀ láti òkè bí okùn kànga. Ó ní ọjọ́ kan ṣoṣo làwọn fi rí méjèèjì. Bọ́ọ̀sì gbé wọn láàárọ̀, amọ̀nà ṣàlàyé, wọ́n jẹun, wọ́n lúwẹ̀ẹ́, nígbà tí ilẹ̀ ṣú wọ́n ti padà dé ibi tí wọ́n wọ̀ sí. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Àǹkù, kò tiẹ̀ wọ́n. Ṣé kò sí irú èyí lọ́dọ̀ tiwa ni?"

Tíṣà ìtàn ni mí ní Ewékorò. Kò yẹ kí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ bá mi láìròtẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó bá mi bẹ́ẹ̀. Ohun tó tún wá dùn mí jù ni pé òkúta kan náà ló wà lábẹ́ ilẹ̀ wa àti lábẹ́ ilẹ̀ àwọn Maya. Òkúta ẹfun ni gbogbo ilẹ̀ Yucatán. Omi òjò ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀, títí òrùlé ihò yóò fi wó, tí omi tútù tó wà nísàlẹ̀ yóò sì hàn sí oòrùn. Àwọn Maya ń mu nínú omi wọ̀nyẹn, wọ́n ń bọ wọ́n, wọ́n sì ń ju wúrà, òkúta iyebíye àti ènìyàn pàápàá sínú èyí tó tóbi ní Chichén Itzá. Òkúta ẹfun tiwa náà ti wà láti nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nígbà tí òkun ṣì bo ibi tí a ń dáko sí lónìí. Ìkarahun ẹran omi wà nínú rẹ̀. Orúkọ ìlú wa gan-an ni àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ fi ń pe òkúta náà nínú ìwé wọn. Síbẹ̀, n kò tíì rí bọ́ọ̀sì kan tó kó àlejò wá wò ó.

Tírélà ló ń wá. Ní 1959 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ West African Portland Cement sílẹ̀, nígbà tó sì di 1960, ọdún òmìnira, símẹ́ńtì ti ń jáde ní Ewékorò. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wa òkúta. Èmi náà ń jẹ níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Owó tíṣà kò tó gbọ́ bùkátà, nítorí náà mo ń mọ búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn iṣẹ́, èmi àti ọmọ iṣẹ́ méjì.

Mo kọ́kọ́ rò ó pé kí n kó àwọn ènìyàn lọ sí Olúmọ. Ìyẹn ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí gbogbo ènìyàn lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ta ni kò tíì dé Olúmọ nínú wa? A ti mọ bí ogun ṣe tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká nínú igbó, bí Ṣódẹkẹ́ ṣe ṣáájú wọn dé abẹ́ àpáta ní 1830. Láti 2006 ni ẹ̀rọ agbéniròkè ti wà níbẹ̀ fún ẹni tí orúnkún ń dùn. Mo fẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn mi kò tíì tẹ̀, tí ìtàn àti omi yóò sì pàdé lọ́jọ́ kan náà bíi ti Mẹ́síkò. Nígbà tí mo rò ó lọ rò ó bọ̀, ọ̀dọ̀ àwọn Ìjẹ̀bú ni ọkàn mi já sí: Erédò Sùngbọ́, lẹ́yìn náà odò Yemọjí tó wà ní sàkání Ìjẹ̀bú-Òde, èyí tí ìpínlẹ̀ Ògùn máa ń kà mọ́ àwọn ibi ìgbafẹ́ rẹ̀.

Àwa mẹ́rìnlá la lọ. Ẹnì kọ̀ọ̀kan dá ₦6,000, ìyẹn owó bọ́ọ̀sì, owó amọ̀nà àti omi mímu. Oúnjẹ, kálukú gbé tiẹ̀. Mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ ni tèmi. Ẹnì kan gbé ìrẹsì ọ̀fadà tó ta sánsán débi pé a kò tíì kọjá Pápáláńtò tí àwọn ọmọdé ti ń bèèrè ìgbà tí a máa jẹun.

Ìyá àgbà kan tó ti ta àdìrẹ títí tó fi fẹ̀yìn tì jókòó lẹ́yìn dírẹ́bà. A ń lọ sí ọ̀nà Ṣàgámù nígbà tó bú sẹ́rìn-ín. "Tíṣà," ló wí, "ẹ kó Ẹ̀gbá lọ wo odi Ìjẹ̀bú. Ṣé odi tiwa tó lé Dàhọ̀mì ni ẹ ti gbàgbé?"

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ ọ̀hún ní ìdí. Àwọn ọmọ ogun Ìjẹ̀bú wà lára àwọn tó fọ́ Òwu àti àwọn ìlú Ẹ̀gbá láàárín 1820 sí 1830. Òótọ́ sì ni pé a ní odi tiwa. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1851, àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì, ọkùnrin àti obìnrin, ya bo Abẹ́òkúta, wọ́n sì sá padà. Wọ́n tún wá ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 1864, ojú wọn tún rí màbo. Odi amọ̀ yí ìlú ká nígbà náà, ó sì ní yàrà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn nínú ọkọ̀, bí tíṣà ṣe máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà ni mo wá bi ìyá pé: "Níbo la ti lè fọwọ́ kan odi náà lónìí, mà?"

Ó ronú títí. Ó dárúkọ àdúgbò kan, ó tún yí i padà. "Ilé ti bò ó," ni ó wí níkẹyìn. Kò sí ẹlòmíràn nínú ọkọ̀ tó mọ̀ ọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà kò mọ̀ ọ́n.

Ojú ọ̀nà tó ti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ẹ̀pẹ́ ni a ti yà wọ igbó. Ẹni tí wọ́n júwe fún wa pé ó lè mú wa wọ inú yàrà jẹ́ ọdẹ àti àgbẹ̀, ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tó wọ bàtà òjò, tó mú àdá lọ́wọ́. Ó ní ₦10,000 la máa san. Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, ṣé iṣẹ́ òkè ni? Mo ná an bí mo ṣe máa ń ná yanrìn, mo sì já a wálẹ̀ sí ₦5,000. Inú mi dùn. Àwọn ènìyàn mi yìn mí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ owó yẹn sọ́kàn.

A rìn láàárín kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà ilẹ̀ kàn parí níwájú wa. Bí a ṣe ń fi ọwọ́ di gbòǹgbò mú, tí a ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni ooru ń dínkù. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀ tí mo gbójú sókè, ọ̀run ti di ilà tóóró kan láàárín ewé. Ògiri ilẹ̀ pupa dìde lọ́tùn-ún lósì, ó dán bí ẹni pé wọ́n fi ọwọ́ ra á. Ewéko tútù mú un dáadáa, omi sì ń sun lára rẹ̀. Àwọn ọmọdé tó ti ń pariwo láti Ewékorò dákẹ́. Ìyá aláàdìrẹ tí a fi ẹni méjì gbá mú sọ̀ kalẹ̀ na ọwọ́ kan ògiri náà, ó ní, "Àwọn ènìyàn ló wa èyí?"

Ènìyàn ni, mà. Wọ́n wa ilẹ̀ kúrò, wọ́n sì kó o jọ sí ẹ̀gbẹ́ inú, tó fi jẹ́ pé bí yàrà ṣe ń jìn ni òkìtì ń ga. Níbi tó ga jù, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì tó nǹkan bíi mítà 20. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Peter Lloyd kọ̀wé nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Odù ní 1959, ṣùgbọ́n Patrick Darling, awalẹ̀pìtàn láti yunifásítì Bournemouth, ló rìn ín tó sì wọ̀n ọ́n tí ayé fi gbọ́ ní 1999. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi 160 kìlómítà. Ó yí ilẹ̀ tó tó nǹkan bíi 40 kìlómítà láti àríwá sí gúúsù àti 35 láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn ká. Ìṣirò Darling ni pé iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n wà jáde ju òkúta tó wà nínú ilé òkúta ńlá ti Íjíbítì lọ: mílíọ̀nù 3.5 cubic metre. Alámọ̀ búlọ́ọ̀kù ni mí, mo mọ ohun tí cubic metre kan ń jẹ́. Bárò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, bí ẹni tó ń tì í kò bá ṣe ọ̀lẹ. Gbogbo rẹ̀ á lé ní mílíọ̀nù 50 bárò. Wọn kò sì ní bárò o. Agbọ̀n àti orí ènìyàn ni.

Ìgbà wo ni wọ́n wa á? Fún ìgbà pípẹ́ ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Ṣùgbọ́n àwọn awalẹ̀pìtàn mìíràn, Adisa Ogunfolakan láti Ilé-Ifẹ̀ àti Gérard Chouin láti Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwọn ènìyàn wọn, tún gbẹ́ ibẹ̀ lẹ́yìn Darling, ohun tí wọ́n sì rí fi hàn pé láàárín 1370 sí 1420 ni wọ́n wa á. Èyí ni mo gbà. Kì í ṣe nítorí pé ó jẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n nítorí pé láti inú òkìtì àti yàrà fúnra wọn ni wọ́n ti mú ẹ̀rí wá.

Mo ń ṣàlàyé gbogbo èyí nígbà tí amọ̀nà wa fara ti ògiri, ó ń gbọ́. Nígbà tí mo parí, ó ní kí n jẹ́ kí òun sọ tòun. Sùngbọ́ ni obìnrin tó lówó jù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ó wí, ṣùgbọ́n kò bímọ. Ó bẹ̀rù pé bí òun bá kú, orúkọ òun á parẹ́. Ló bá ní kí wọ́n wa ilẹ̀ yí gbogbo ìlú ká. Àwọn kan ní Bílíkísù ni, ayaba Ṣébà tó lọ wo Sólómọ́nì.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa bi mí bóyá òótọ́ ni. Mo ní ti Ṣébà kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá bá Sólómọ́nì láyé ti kú fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún kí wọ́n tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀ yìí. Èrò tèmi ni pé Sùngbọ́ ló kọ́kọ́ wà, pé àwọn Mùsùlùmí ló fi orúkọ ayaba inú ìtàn tiwọn kún tirẹ̀ nígbà tí ẹ̀sìn dé. Ṣùgbọ́n obìnrin tó lówó, tí kò bímọ, tó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ wá orúkọ? N kò ní ẹ̀rí kankan tí mo lè fi já ọdẹ náà nírọ́, n kò sì wá a. Ó tẹ́ mi lọ́rùn ju ọba tí kò lórúkọ lọ.

A rìn lọ nínú yàrà. Níbi tó ti ṣẹ́rí, ìmọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i, mo rò pé igi ló wó. Ilẹ̀ ni wọ́n dà síbẹ̀. Ẹnì kan ti ya òkìtì náà lulẹ̀ sínú yàrà, ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ó sì ti gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé oníyàrá mẹ́rin sórí rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù wà nílẹ̀ tí wọ́n tò. Àpò símẹ́ńtì tó ti ṣófo wà káàkiri nínú ìdọ̀tí, mo sì gbé ọ̀kan nílẹ̀. Irú rẹ̀ ni mo ń já ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Bóyá Ewékorò ni wọ́n ti kó o wá, bóyá Ṣàgámù tàbí ibòmíràn, n kò lè sọ. Òkúta ẹfun ṣáà ni.

"Ọdọọdún ni wọ́n ń sún mọ́ ọn," ni amọ̀nà wí. "Mo bá ẹni tó ni ilé yìí sọ̀rọ̀. Ó ní ṣé bàbá mi ló gbẹ́ kòtò ni."

"Kí ni ẹ fi dá a lóhùn?"

"Mo ní ó ṣeé ṣe."

Inú ìwé ìdúró Àjọ UNESCO ni Erédò wà láti 1995, ìyẹn àkójọ àwọn ibi tí orílẹ̀-èdè kan sọ pé òun máa mú wá fún wọn láti kà mọ́ ogún gbogbo ayé. Chichén Itzá ti wọ àkójọ gidi láti 1988, àwọn ènìyàn tó sì ń lọ síbẹ̀ lọ́dún ju mílíọ̀nù méjì lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní okùn ni wọ́n fi yí ilé òkúta náà ká, kò sẹ́ni tó lè gùn ún mọ́. Níbi tí a wà yìí, kò sí okùn, kò sí géètì, kò sí pátákó kan tó sọ pé níbí ni. Bàbá kan ló wà, pẹ̀lú àdá àti bàtà òjò. Mo sì ti já owó rẹ̀ sí ìdajì. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, owó tí àwa mẹ́rìnlá jọ san fún un kò tó owó àpò símẹ́ńtì kan.

Kí n má tíì kúrò lórí ẹ̀ṣẹ̀ wa: nígbà tí a ń padà, mo rí i pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin tí mo kó wá ti fi ìṣó kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri náà, gàdàgbà, pẹ̀lú ọjọ́ oṣù. Fọ́tò ni mo ń yà nígbà tó ń kọ ọ́. Mo bá a wí. Amọ̀nà kò bá a wí. Ó fi ẹ̀yìn àdá ra orúkọ náà títí tó fi parẹ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ dá yàtọ̀ pẹ̀lú àwọ̀ pupa tuntun láàárín ewéko.

A kò pẹ́ ní Òkè-Ẹ̀rí, níbi tí wọ́n ti ń sọ pé ibojì Sùngbọ́ wà. Ọdọọdún ni Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ń lọ síbẹ̀. Àwọn ọmọdé ti ń ṣojú kòkòrò sí omi, ebi sì ti ń pa dírẹ́bà.

Yemọjí ni ìdùnnú ọjọ́ náà. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé nílé wa, omi jẹ́ ohun ìbẹ̀rù. Ibikíbi tí wọ́n bá ti wa ilẹ̀ fún ọ̀nà tàbí fún nǹkan mìíràn ní agbègbè wa, kòtò máa ń ṣẹ́ kù, òjò á kún un, omi náà á sì mọ́ lójú débi pé á máa pe ọmọdé. Ìyá mi máa ń fi ìka ra ẹsẹ̀ wa nírọ̀lẹ́. Bí ilà funfun bá hàn lára awọ, ó mọ̀ pé a ti dé ibẹ̀, ẹgba ni. Bí mo ṣe dàgbà láìmọ̀ ọ́n wẹ̀ nìyẹn, èmi tí mo ti ń kọ́ ọmọ nípa odò Ògùn láti ọdún gbọ̀ọ̀rọ̀.

Odò tó ń ṣàn lábẹ́ igi ni Yemọjí, ó tutù, ó sì mọ́. Níbi tí a wọ̀, ó rọra fẹ̀, ẹsẹ̀ mi sì kan yanrìn. Mo dúró níbi tí kò kọjá ìbàdí mi. Àwọn ọmọ tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ ń bẹ́ sínú rẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́. Ìyá aláàdìrẹ jókòó sórí òkúta, ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi, ó ń jẹ ọ̀fadà inú abọ́. Ó ní kí n sún mọ́ òun. Ó ní: "Orí mi kàn ń padà sí odi tiwa yẹn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá-ìyá mi máa ń nawọ́ sí ibì kan tí a bá ń lọ sọ́jà, á ní ibẹ̀ ni. Mo rò pé ó kàn ń sọ̀rọ̀ àgbà ni."

"Ẹ lè mọ ibẹ̀ tí a bá lọ, mà?"

"Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú."

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí a padà dé. Iná ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì ń tàn lọ́ọ̀ọ́kán, tírélà tò sójú ọ̀nà bí wọ́n ṣe máa ń tò. Ọmọkùnrin tó kọ orúkọ sára ògiri ti sùn lé èjìká mi. Mo wo ibi tí iná yẹn ti ń tàn, mo bi ara mi pé bí ó bá di ẹgbẹ̀ta ọdún, tí ẹnì kan bá kó àwọn ènìyàn wá wo kòtò tiwa, kí ni amọ̀nà wọn máa sọ pé a wa á fún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo fi ₦5,000 tó kù ránṣẹ́ sí bàbá ọdẹ náà lórí fóònù. Ó pè mí pé ṣé àṣìṣe ni. Mo ní kì í ṣe àṣìṣe, owó rẹ̀ ni. Ó dúpẹ́, lẹ́yìn náà ló sọ pé wọ́n ti da kọnkéré sínú ìpìlẹ̀ tí a rí yẹn, àti pé ṣé mo mọ ẹnikẹ́ni ní Abẹ́òkúta tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Mo kọ lẹ́tà méjì, mo fi fọ́tò sínú wọn, mo gbé wọn lọ fúnra mi. Wọ́n gbà wọ́n lọ́wọ́ mi.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti rí fọ́tò Erédò. Ó ní òun máa wálé lóṣù Kejìlá, kí n kọ orúkọ òun sílẹ̀. Orúkọ mẹ́tàlélógún ló wà nínú ìwé mi báyìí fún ìrìn kejì. Mo ti gbé owó náà sí ₦7,000, mo sì ti sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Ẹni méjì bínú, wọ́n fà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó dé, Abẹ́òkúta ni èmi àti ìyá aláàdìrẹ ń lọ lọ́jọ́ Sátidé yìí, àwa méjì péré, nínú dánfó. Ó ní bí a bá ti ń wọ ìlú láti ọ̀nà Àró, kí n jẹ́ kí òun jókòó sétí fèrèsé.